Wáyà ló jalè, ọmọ ọlọ́mọ la fẹ́ẹ́ lé nílé

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ ń retí lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí, ta ló fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sínú òmíràn, ta ló ń bá ta jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa n'Ìbàdàn níbí tí mi ò lè gbé mì. Èmi gan-an wà lára àwọn tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà, bí mi ò bá sì sọ ọ́ síta, ọkàn mi kò ní í balẹ̀.

Obìnrin kan wà nílé kejì sí tiwa, Ìyá Aláṣọ la máa ń pè é. Aṣọ òkè, léèsì àti àǹkárá ló ń tà. Láyé ijọ́sí, ọjà Gbági nirú wọn máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, orí fóònù ni Ìyá Aláṣọ ti ń tajà báyìí. Yóò ta aṣọ sórí okùn nínú pálọ̀, yóò tan iná sí i, yóò gbé fóònù sókè, làwọn oníbàárà ẹ̀ tó wà ní Peckham nílùú London àtàwọn tó wà ní Houston l'Amẹ́ríkà yóò bá máa wò ó lójúkojú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí búlúù yẹn padà ká rí ẹ̀yìn ẹ̀." "Mọ́mì, mélòó lẹ máa gbà nídìí mẹ́wàá?" Ibi tí wọ́n bá ti ń dúnàádúrà lọ́wọ́ gan-an ni fídíò yóò ti dúró gbagidi, ẹnu Ìyá Aláṣọ yóò là sílẹ̀ lójú fóònù wọn bíi tẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Kó tó padà dé, oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

MiFi ló ń lò fún íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọn ò mọ̀ ọ́n, MiFi ni àpótí kékeré kan báyìí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n máa ń ki káàdì SIM bọ inú ẹ̀ bíi ti fóònù, yóò fa íntánẹ́ẹ̀tì látorí òpó àwọn oníléeṣẹ́ fóònù, yóò sì pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá wà nítòsí láìsí okùn kankan láàárín wọn. Bátìrì wà nínú ẹ̀. Ráútà fara jọ ọ́, ó kàn jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ráútà inú ilé kì í ní bátìrì, iná tààrà ni wọ́n ń jẹ. Mo máa tó débẹ̀.

Bí fídíò ṣe ń já yìí náà ni dátà ń lọ bí omi inú agbè tó lu. Dátà tó yẹ kí Ìyá Aláṣọ fi lo oṣù kan, kì í tó ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi tán. Ó rà á lẹ́ẹ̀kan, ó rà á lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan ṣoṣo, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i fáwọn iléeṣẹ́ fóònù pé wọ́n lè fi nǹkan tó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, dátà kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣeré mọ́. Ó kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ tó ni káàdì, ó bú wọn bó ṣe yẹ kó bú wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn dáa ládùúgbò wa, ó ní kí Mọ́mì pa MiFi, kí wọ́n tún un tàn. Ìyá Aláṣọ pa á, ó tún un tàn, ó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún kú.

Àtìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lójú mìíràn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ọdún 17. Ìṣẹ́yìn ló ti wá, ó fẹ́ẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, wọ́n sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ n'Ìbàdàn kó lè ráyè kàwé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun náà ló ń gbé aṣọ lọ fáwọn tó ń bá wọn fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti sùn, yóò tan fóònù ẹ̀, yóò máa fi ṣe ìbéèrè JAMB àwọn ọdún tó ti kọjá. Ìmọ́lẹ̀ fóònù yìí ni Ìyá Aláṣọ máa ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn tó bá jí láàárín òru. Ọkàn ẹ̀ ti sọ fún un pé fíìmù lọmọ náà ń wò mọ́jú, pé òun lolè tó ń jẹ dátà òun.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sannde kan, ó ránṣẹ́ pe èmi àti àgbà méjì mìíràn ládùúgbò pé ká wá bá òun dá ẹjọ́ ọ̀hún. A jókòó, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa, ó rojọ́, ó sunkún sí i. Wọ́n pe ọmọ náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ṣé ò ń lo dátà àǹtí ẹ lálẹ́?" Ó ní, "Mo ń lò ó, sà. Ìwé ni mo fi ń kà." Mo ní, "Ìwé nìkan?" Ó ní, "Ìwé nìkan, sà. Kì í jẹ nǹkan púpọ̀." Èmi wá gbé ọgbọ́n tí mi ò ní kalẹ̀, mo ní dátà ò lẹ́sẹ̀, kò lè dá rìn jáde nínú àpótí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. A fẹnu kò pé kó máa lọ sí Ìṣẹ́yìn tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Satide, kó lọ máa kàwé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ìdánwò ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí wà lọ́jà o, èmi náà ni mo tún fọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ.

Nígbà tó di ọjọ́rú, Wẹsidee, mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Aláṣọ láti gba ìró kan tí ìyàwó mi sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ilé epo fi gbé fóònù Ìyá Aláṣọ dé, ojú ẹ̀ ló fọ́, ó bá a pààrọ̀ ẹ̀. Bó ṣe ń kàwó lọ́wọ́ ló gbójú sókè, ló bá rí MiFi lójú fèrèsé. Wáyà funfun gbọọrọ kan wà lára ẹ̀ tó gba ara ògiri lọ sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, ta ló so nǹkan yìí mọ́ tẹlifíṣàn?" Ìyá Aláṣọ ní, "Èmi ni, kí lo rí níbẹ̀?" Ó ní, "Ṣé kì í kú mọ́ yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe fídíò?"

Ẹ wá wo ojú Ìyá Aláṣọ. Ó jókòó.

Ọmọkùnrin yìí ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ́kọ́ fi ihò USB tó wà lára tẹlifíṣàn hàn mí. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé 5V, 0.5A. Ó yí MiFi dojú délẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kọ tiẹ̀ náà síbẹ̀ pé 5V, 1A. Ó ní, "Bàbá, ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹni tó yẹ kó jẹ odidi iṣu, ìlàjì ni wọ́n ń gbé fún un, ẹ sì tún ní kó máa roko." Fóòtì, ìyẹn V, ni agbára tó ń ti iná lọ. Áńpù, ìyẹn A, ni bí iná tó ń ṣàn lọ ṣe pọ̀ tó. Fóòtì bára mu, áńpù ò tó.

Ẹ má dá Ìyá Aláṣọ lẹ́bi. Ihò yẹn jọ ihò ṣájà, wáyà kan náà ló ń wọ méjèèjì, ta ni kò ní í rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n? Nígbà tí wọ́n gbé USB jáde lọ́dún 1996, kì í ṣe tìtorí àtimáa fi gba iná sára ni. Bátànì kọ̀ǹpútà, máòsì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fẹ́ẹ́ máa so mọ́ kọ̀ǹpútà, iná díẹ̀ tó ń bá a wá, ti àlejò lásán ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní USB 2.0, tó jáde lọ́dún 2000, ìlàjì áńpù ló ń fúnni. USB 3.0 tó jáde lọ́dún 2008, kò tíì tó áńpù kan, 0.9 ni. Nínú wáyà USB 2.0 tó pé, okùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Ṣájà gidi máa ń so okùn ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú ara ẹ̀, tí MiFi bá ti rí i bẹ́ẹ̀, yóò mọ̀ pé ilé oúnjẹ lòun wà, yóò gba áńpù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá rí i, yóò rò pé kọ̀ǹpútà ni, yóò fi ọ̀wọ̀ jẹ ìlàjì ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò, àwa èèyàn ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ gbé ṣájà fóònù ẹ̀ jáde, 2A ni wọ́n kọ sára tiẹ̀. A kì í bọ iná, a sì fi wáyà funfun yẹn kan náà so MiFi mọ́ ọn. Èmi ti ń dìde, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ẹ jókòó, sà, kò tíì parí." Ó fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ nínú àpò, kò ju ìka méjì lọ, ó ní ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in, kò sì wọ́n, èmi náà ti ra tèmi. Ó fi sí ẹnu ṣájà, ó kọ 5.1. Ó tún wá gbé e lọ sí ìdí wáyà, níbi tó ti fẹ́ẹ́ wọ inú MiFi, ó kọ 4.2.

Mo ní, "Ibo ni ìyókù gbà lọ?" Ó ní, "Ojú ọ̀nà ló jẹ ẹ́, sà."

Wáyà yẹn, mítà méjì ni. Inú gò-síló ni Ìyá Aláṣọ ti rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, nítorí pé ojú fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, tẹlifíṣàn sì jìnnà síbẹ̀. Lójú, ó nípọn, ṣùgbọ́n rọ́bà lásán ló nípọn, bàbà tó wà nínú ẹ̀ ò ju òwú ìránṣọ lọ. Àwọn tó ń ṣe wáyà ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe tó, AWG ni wọ́n ń pè é, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe wáyà olówó pọ́ọ́kú, nọ́ńbà 28 ni. Mítà kan ẹ̀ máa ń dí iná lọ́wọ́ tó nǹkan bíi 0.21 ohm. Mítà méjì ni wáyà, ṣùgbọ́n iná ń lọ, iná ń bọ̀, ó di mítà mẹ́rin. Ẹ fi mẹ́rin lu 0.21, ó di 0.84. Tí áńpù kan bá gba ibẹ̀ kọjá, 0.84 fóòtì ló máa sọnù sọ́nà, yóò kàn di ooru ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fóòtì 5, ẹ ó rí nǹkan tó kù.

Bátìrì irú èyí tó wà nínú MiFi, kó tó kún, ó gbọ́dọ̀ dé fóòtì 4.2. Báwo ni iná tí òun fúnra ẹ̀ ò ju 4.2 lọ ṣe fẹ́ẹ́ kún un? Omi kì í gbéra láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ kó máa gun òkè lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé Ìyá Aláṣọ rèé láti oṣù mélòó kan: MiFi ń fi àmì hàn pé iná ń wọlé, irọ́ kọ́, iná ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Bíi tẹni tó ń pa ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́ tó ń ná ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹ máa rí i lẹ́nu iṣẹ́ o, ẹ máa rí i tó ń kówó wọlé, ẹ ò ṣáà ní í mọ ọjọ́ tó máa wó.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu fídíò ló ti ń wó nìyẹn. Tí MiFi bá jókòó jẹ́ẹ́, iná díẹ̀ ló ń jẹ. Tó bá di pé ó fẹ́ẹ́ gbé àwòrán Ìyá Aláṣọ ránṣẹ́ sórí òpó, ariwo ló ń pa, bí òpó bá sì ṣe jìnnà tó ló ṣe máa pariwo tó. Ariwo yẹn ló ń jẹ iná. Nítorí náà, fídíò ló máa pa á, ìwé kíkà ò lè pa á.

Ọmọkùnrin yẹn mú wáyà tiẹ̀ jáde, kò tó ìlàjì mítà, bàbà inú ẹ̀ sì jọjú. Nọ́ńbà di 4.9 níbi tó ti di 4.2. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, bátìrì tó wà ní ìdá 18 ti kọjá 50, Ìyá Aláṣọ sì ń pe ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ẹ̀ lórí fídíò látìgbà náà, kò já. Ó wá ní ká fa ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri dé ojú fèrèsé, ká ki ṣájà bọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí MiFi má kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Mo ní ṣé wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà ò gùn ni? Ó ní ó gùn, ṣùgbọ́n fóòtì 230 ló wà nínú ìyẹn. Iná MiFi kan, tó bá wà ní fóòtì 5, áńpù kan ni. Tó bá wà ní 230, kò tó ìdá kan nínú 40 áńpù, kò sí ohun tí ọ̀nà fẹ́ẹ́ jẹ nínú ẹ̀. Kí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n gùn, kí wáyà USB kúrú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Dátà ńkọ́? Ìyẹn náà, wáyà ló jẹ ẹ́?"

Ó bi Ìyá Aláṣọ pé báwo ló ṣe máa ń fi fídíò aṣọ tó ti yà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá Aláṣọ ní tóun bá fi ránṣẹ́, yóò lọ títí, yóò dúró, òun á tún un fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó, Mọ́mì?" Ó ní, "Nígbà mìíì, ẹ̀ẹ̀mẹrin." Ọmọkùnrin yẹn wo ojú mi. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Fídíò kan jẹ́ 100 MB. Ó dé 80, MiFi kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá kú lẹ́ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀ kó tó wá lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, 340 MB ni wọ́n ti yọ lówó ẹ̀ fún ọjà 100. Iléeṣẹ́ fóònù ò sì jalè, gbogbo ẹ̀ ló gba orí òpó wọn kọjá. Ìbéèrè JAMB tọ́mọ ń kà lóru ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò sí àwòrán púpọ̀ níbẹ̀. Èyí tó fi ń kà mọ́jú lè má tó ìṣẹ́jú méjì nínú fídíò àǹtí ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Mo máa padà síbẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá àwọn tó ti ń bi mí ní ìbéèrè lóhùn, nítorí pé látìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri, gbogbo èèyàn ló ní tiwọn.

Nílé tèmi, ráútà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ 12V, 1A. Nígbà táwọn tá a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ (ọdún 2005 ni NEPA ti di PHCN, wọ́n sì ti tà á fáwọn aládàáni lọ́dún 2013, ẹnu wa ò kàn lè gbàgbé orúkọ náà), mo máa ń lo wáyà kan tó ń sọ fóòtì 5 inú pawa báǹkì di 12. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, ó ń ṣiṣẹ́. Táwọn ọmọ bá dé látilé ìwé tí gbogbo wọn so fóònù mọ́ ọn, yóò kú, yóò tún jí, yóò kú. Ìṣirò kan náà ni. Fóòtì 12 lọ́nà áńpù 1, wáàtì 12 nìyẹn. Ẹnu pawa báǹkì mi, fóòtì 5 lọ́nà áńpù 2, wáàtì 10 ni, wáyà tó ń sọ ọ́ di 12 yẹn náà sì máa ń gba owó ibodè. Mo ra èyí tí ẹnu ẹ̀ ń pọ áńpù 3, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́ o, ráútà mìíràn wà tó jẹ́ fóòtì 9, àwọn kan jẹ́ 5, ẹnu wáyà wọn sì lè bára mu. Ẹni tó bá ki 12 bọ inú ti 5, òórùn ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ìyá kan sọ fún mi pé pawa báǹkì òun máa ń "sùn" láàárín òru, íntánẹ́ẹ̀tì á sì lọ. Kò bàjẹ́. Tí bátìrì MiFi bá ti kún, iná tó ń gbà á dín kù gan-an, pawa báǹkì á rò pé kò sẹ́ni lórí ẹ̀ mọ́, á pa ara ẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnnì téèyàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa sùn. Àwọn mìíràn sì máa ń já fẹ́ẹ́rẹ́ lásìkò tí NEPA bá dé tàbí tó bá lọ, tí ráútà ò bá ní bátìrì, ó ti tó láti pa á.

Ẹni tó ra MiFi tó ní ẹnu Type-C, tó wá fi wáyà tí orí méjèèjì jẹ́ Type-C so ó mọ́ ṣájà ńlá tí kò rí iná kankan, kó gbìyànjú wáyà tí orí kan ẹ̀ jẹ́ ihò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti àtijọ́. Ṣájà Type-C kì í fún ẹni tí kò bá kí i níná. Nǹkan kéékèèké méjì kan ló yẹ kí wọ́n fi sínú ẹnu MiFi láti máa fi kí i, àwọn tó ń ṣe é lólówó pọ́ọ́kú máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ láti jẹ èrè náírà díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré tẹ́ ẹ ki sídìí ráútà tàbí kọ̀ǹpútà tó ń já tó tún ń padà, ọ̀rọ̀ ìlàjì iṣu yẹn náà ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá tún so nǹkan mìíràn mọ́ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ yọ èyí tó kù. Tó bá dúró, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ náà, ẹ máa pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, wáyà lákọ̀ọ́kọ́ nítorí pé òun ló máa ń jẹ̀bi jù, lẹ́yìn náà ṣájà. Ẹni tó bá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀, á tún san owó tí kò yẹ kó san.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹ̀yìn MiFi wú, tí ìdérí ẹ̀ ò bo mọ́, bátìrì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé, ẹ má sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná. MiFi tó wà lára ṣájà tọ̀sán-tòru nínú ooru pálọ̀ wa yìí, bó ṣe máa ń parí sí náà nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé Ìyá Aláṣọ. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ti lọ, Ìyá Aláṣọ wọ yàrá ọmọ, mo tẹ̀ lé e. Ó ti di ẹrù ẹ̀ sínú báàgì Ghana-must-go, ìwé ẹ̀ ló wà lókè. Ìyá Aláṣọ dì mọ́ ọn, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, èmi ni mo ṣìwà hù." Ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Èmi náà sọ tèmi. Mo ti lé ní 60 ọdún, mi ò tíì bẹ ọmọ ọdún 17 rí, n ò sì mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Lẹ́yìn náà ló ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màmá mi. Àǹtí ti sọ fún wọn lọ́jọ́ Sannde pé mo jalè, wọn ò gbé fóònù mi láti ìgbà yẹn."

Mo pe ìyá ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ wáyà, fóòtì àti áńpù títí, obìnrin yẹn ò dá mi lóhùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Bàbá, mo ti sọ fún ìyá ìyá ẹ̀ àtàwọn ará ilé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ẹ́ sọ ti wáyà fún wọn?" Mo ní kó má wulẹ̀ sọ ọ́, pé mo máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń kà á nìyí. Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn tí ìròyìn ti kàn dé ọ̀dọ̀ yín pé ọmọ kan jalè n'Ìbàdàn, wáyà ni o, mítà méjì, funfun, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọmọ náà kò lọ ní Satide yẹn, ìwé ẹ̀ ló ń kà, àǹtí ẹ̀ sì ti ní kó máa lo MiFi bó ṣe wù ú. Mo gbọ́ pé òun ló tún ń gbé fóònù fún un báyìí tó bá ń tajà lálẹ́.